Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, Ìlú Ẹsẹ̀ Òkè Tí Omi Olúmirìn Sọ Di Ìlú-mọ̀-ọ́n-ká

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà jẹ́ ìlú kékeré kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́ yóò yà kúrò lójú títì ńlá kí ó tó dé ibẹ̀. Ìlú náà bá ilẹ̀ Èkìtì pààlà, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ló sì wà lórí òkè tó ga sókè lẹ́yìn rẹ̀.

Òkè yìí kò dà bí àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Ọ̀wọ́ òkè gígùn ni, tí òkúta líle tí àwọn onímọ̀ ń pè ní quartzite pọ̀ nínú rẹ̀. Omi kì í tètè jẹ irú òkúta bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí òkè náà fi dúró gbọingbọin, tí omi sì ń já láti orí rẹ̀. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dára fún kòkó, obì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Akínlà, obìnrin kan tí wọ́n pè ní ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló tẹ ìlú náà dó. Àwọn mìíràn ní ọdẹ ló kọ́kọ́ rí omi náà, wọ́n sì máa ń dárúkọ ọdún 1140. Ìtàn ìran dé ìran ni èyí, kì í ṣe ọdún tí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀ nígbà náà. Ní ti orúkọ Olúmirìn, àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé ó túmọ̀ sí òrìṣà mìíràn, nítorí ẹ̀rù tí omi náà dá bà wọ́n.

Ní ti ìṣàkóso, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti ọdún 1976, títí di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀.

Ìpele méje ni omi Olúmirìn ní. Ìpele àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ àlejò ń dé. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè sí i ni ọ̀nà ń le sí i. Nígbà òjò, omi náà a máa ya wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, òkúta a sì máa yọ̀, nítorí náà ó yẹ kí àlejò ṣọ́ra gidigidi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi a máa fà sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni ti igbó orí òkè. Àwọn igi ibẹ̀ ló ń dá omi òjò dúró kí ó lè rọra rin ilẹ̀. Bí wọ́n bá gé wọn tán nítorí oko tàbí pákó, àgbàrá ni yóò gbilẹ̀ nígbà òjò, odò yóò sì tètè gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo jẹ́ àpẹẹrẹ: ìjọba àpapọ̀ dáàbò bò ó láti ọdún 1965, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Olúmirìn kò tíì ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ará Ẹ̀rìn àti Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ méjèèjì ni láti ṣọ́ igbó náà, nítorí odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.