Àgbàrá Òjò àti Ilé Kíkọ́: Ohun Tí Òfin Là Kalẹ̀ fún Onílé

Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ló wà nídìí òfin tó de ilé kíkọ́ lóde òní, nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lọ́wọ́ wà lára ibi tí àgbàrá ti ń rí agbára kún agbára. Ilẹ̀ tí koríko àti igi bá wà lórí rẹ̀ máa ń fa omi mu, gbòǹgbò wọn sì máa ń di iyẹ̀pẹ̀ mú. Bí katakata bá ti ha ilẹ̀ náà, tó wá ṣófo, òjò ńlá kan ṣoṣo ti tó láti gbá iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ. Inú gọ́tà ni iyẹ̀pẹ̀ ọ̀hún ń wọ̀, láti gọ́tà ló sì ń dé odò. Nígbà tí méjèèjì bá kún fún ẹrẹ̀, inú ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni omi yóò gbà.

Ìlú Ìbàdàn ti rí èyí sójú. Lọ́jọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ẹ̀mí tó sì bá a lọ lé ní 200. Lọ́jọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omíyalé mìíràn tún ṣọṣẹ́ nínú ìlú náà, ó gbé afárá lọ, ó sì pa èèyàn tó lé ní 100. Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ méjèèjì pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi, pẹ̀lú pàǹtírí àti ẹrẹ̀ tó dí odò, ló sọ ọ́ di àjálù. Lọ́dún 2014 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé nílùú Ìbàdàn.

Ta ló láṣẹ?

Òfin ètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 1992 ló là á kalẹ̀ pé ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ìjọba, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó kọ́lé. Lọ́dún 2003, nínú ẹjọ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Nàìjíríà dájọ́ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni àṣẹ lórí ètò ìlú. Ìdí nìyí tí òfin ọ̀hún fi yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2010 pín iṣẹ́ náà: àjọ kan ń fúnni níwèé àṣẹ, òmíràn ń bẹ iṣẹ́ wò bí ilé ṣe ń gòkè.

Síbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kò yọwọ́. Ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2011 lórí ọ̀gbàrá àti omíyalé de gbogbo iṣẹ́ tó bá ń da ilẹ̀ rú, ilé gbígbé pẹ̀lú. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ọ̀pọ̀ ilé sórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 50 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìpalára tí iṣẹ́ náà lè ṣe fún àyíká wò.

Lójú iṣẹ́

Ẹrù onílé kò parí síbi ìwé àṣẹ. Pílánì ń sọ bí ilé yóò ṣe rí nígbà tó bá parí, ṣùgbọ́n láàárín oṣù tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ni iyẹ̀pẹ̀ ń ṣàn lọ. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà dènà rẹ̀ kò le:

Kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé.

Ibi tí iṣẹ́ bá kàn nìkan ni kí wọ́n ro, kí wọ́n fi koríko etí ààlà sílẹ̀.

Kí wọ́n to àpò iyanrìn sí apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀, kí omi lè rọra kọjá, kí ẹrẹ̀ sì dúró.

Kí òkìtì yanrìn jìnnà sí gọ́tà, kí wọ́n sì fi ọ̀rá bò ó.

Kí wọ́n da òkúta wẹẹrẹ sẹ́nu ọ̀nà, kí táyà tipa má baà kó ẹrẹ̀ dé títì.

Bí iṣẹ́ bá parí, kí wọ́n gbin koríko, kí wọ́n má sì fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo àgbàlá, nítorí ilẹ̀ tó bá rí àyè mí ló lè fa omi mu.

Ẹni tó bá kọ́lé láìgbàṣẹ, tàbí tó kọ́ ọ sí àlàfo tí òfin ní kó fi sílẹ̀ fún odò àti gọ́tà, lè rí i kí wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri rẹ̀, tàbí kí wọ́n wó o. Àdánù onílé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dí gọ́tà lè má pàdánù ohunkóhun. Aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀, tí kò gbẹ́ ìpìlẹ̀ kankan, ni omi yóò ká mọ́lé lóru.