Ìtàn Àríyànjiyàn Lórí Ọmọ Bíbí àti Ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní Ìlú Èkó

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn baba ńlá wa rò nípa ọmọ, kí ó wo orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ. Ọmọ́yájowó, Ọmọ́tóyọ̀sí, Ọmọ́dùnní: gbogbo wọn ń fi hàn pé kò sí ọrọ̀ tí wọ́n kà sí tó ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà tí ó ń pe Ọmọ́yájowó ni ó tún ń wí pé, "Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ." Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé àwọn àgbà ń ta ko ara wọn níhìn-ín. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì, àti láàárín méjèèjì ni àríyànjiyàn tí mo fẹ́ pa ìtàn rẹ̀ yìí ti ń lọ síwá-sẹ́yìn láti ìgbà pípẹ́ wá.

Àwọn kan a máa sọ pé òyìnbó ni ó kó ìfètò-sọ́mọ-bíbí dé ilẹ̀ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láyé àtijọ́, bí obìnrin bá bímọ, kì í súnmọ́ ọkọ rẹ̀ títí yóò fi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, èyí sì lè tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí ọkùnrin bá súnmọ́ ìyá ọlọ́mú, omi ọmú yóò bàjẹ́, ọmọ yóò sì máa ṣàìsàn. Obìnrin tí ó bá lóyún nígbà tí èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì rìn, ẹ̀sín ni fún òun àti ọkọ rẹ̀ láàárín agbo ilé. Bákan náà, obìnrin tí ọmọ rẹ̀ bá ti bímọ kì í fẹ́ kí a tún rí oyún lára òun mọ́, nítorí kò bójú mu lójú wọn kí ìyá àti ọmọ jọ máa pọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn òde òní kò gbà pé omi ọmú a máa bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ọmú fífún lemọ́lemọ́ fúnra rẹ̀ a máa fa oyún mìíràn sẹ́yìn, àti pé ọmọ tí a kò tètè bí àbúrò lé lórí a máa lágbára ju èyí tí a já lẹ́nu ọmú láìtọ́jọ́. Àwọn baba wa kò mọ ìdí rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n mọ èso rẹ̀.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ayé àbíkú ni ayé náà. Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́ kì í ṣe orúkọ tí a fi ń ṣeré. Ìyá tí ó bí mẹ́jọ lè sin márùn-ún. Nítorí náà, kì í ṣe kí ọmọ má baà pọ̀ ni wọ́n ṣe ń fi àlàfo sí ọmọ bíbí, bí kò ṣe kí èyí tí a bí lè yè. Ohun kan sì wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: nínú gbogbo ètò yìí, ọkọ, ìyá ọkọ àti àwọn àgbà ilé ni ó ní ọ̀rọ̀ sọ jù. Ẹni tí ó ń ru oyún kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi léèrè. Bí ìtàn yìí ti ń lọ, ẹ óò tún bá èyí pàdé.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ wa, wọ́n kó òfin tiwọn wá. Òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní apá Àríwá ní ọdún 1904 ni wọ́n nà dé gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1916. Abala 228 nínú òfin náà sọ pé ẹni tí ó bá ṣẹ́ oyún fún obìnrin yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún 14. Abala 229 sọ pé obìnrin tí ó bá ṣẹ́ oyún ara rẹ̀ yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún 7. Abala 230 sì dá ọdún 3 fún ẹni tí ó bá fún un ní oògùn tàbí irinṣẹ́ tí yóò fi ṣe é. Àyè kan ṣoṣo tí òfin náà fi sílẹ̀ wà ní abala 297: bí dókítà bá ṣe iṣẹ́ abẹ láti gba ẹ̀mí ìyá là, kò jẹ̀bi. Gbòǹgbò òfin yìí wà nínú òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1861. Ní ọdún 1967, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún tiwọn ṣe, wọ́n sì fi àyè tí ó gbòòrò sílẹ̀ fún àwọn dókítà. Aṣọ tí ẹni tí ó rán an ti bọ́ sílẹ̀ ni ó kù sí wa lọ́rùn.

Àwọn onígbàgbọ́ pàápàá kò fi ìgbà kankan sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n pàdé ní Lambeth, ní Lọ́ńdọ̀nù, dá dídènà oyún lẹ́bi ní ọdún 1920; ní ọdún 1930, ní ibi kan náà, wọ́n gbà á láyè fún tọkọtaya tí ó bá ní ìdí pàtàkì. Ìjọ Kátólíìkì kò yẹsẹ̀ ní tirẹ̀. Nígbà tí oògùn oníhóró tí ń dènà oyún jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1960, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ rò pé Póòpù yóò gbà á, pàápàá nígbà tí ó jẹ́ pé John Rock, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ oògùn náà, jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì gidi. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 1968 ni Póòpù Paul Kẹfà gbé ìwé Humanae Vitae jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn náà pa: ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó gbà láyè ni kí tọkọtaya máa ka ọjọ́ tí obìnrin kò lè lóyún. Láàárín àwọn Mùsùlùmí, àwọn ọ̀mọ̀wé mọ̀ pé àwọn ọmọlẹ́yìn Ànọ́bì lo ọ̀nà kan láti yẹra fún oyún, a kò sì kọ̀ ọ́ fún wọn. Nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ìfètò-sọ́mọ-bíbí láàyè fún tọkọtaya tí ó bá fi ohùn ṣọ̀kan. Ní ti oyún tí ó ti dúró, ohùn wọn yàtọ̀, àwọn tí ó ń tẹ̀lé Màlíkì, tí wọ́n pọ̀ jù ní Nàìjíríà, ni ó sì le jù.

Ní ọdún 1964 ni a dá ìgbìmọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí ti Nàìjíríà sílẹ̀ ní Èkó. Iṣẹ́ wọn kò ní ariwo. Ohun tí ó mú ariwo wá ni àbá òfin tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláboyún gbé kalẹ̀ ní ilé aṣòfin ní ọdún 1981, pé kí a fẹ àyè tí òfin fi sílẹ̀ fún yíyọ oyún. Àwọn dókítà náà ni ó ń tọ́jú àwọn obìnrin tí àwọn oníṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ ti bà jẹ́. Wọ́n mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Síbẹ̀ àbá náà wó. Kì í ṣe àwọn olórí ẹ̀sìn nìkan ni ó bì í wó. Ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè yìí náà ta kò ó. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ìjà láàárín ọkùnrin àti obìnrin, kí ó ro èyí dáadáa.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti ń ṣe mínísítà ètò ìlera, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà lórí iye ènìyàn jáde ní ọdún 1988. Ó ní kí obìnrin kọ̀ọ̀kan má bí ju ọmọ mẹ́rin lọ, ó sì gbà wá nímọ̀ràn pé kí a má ṣe fi ọmọbìnrin fọ́kọ kí ó tó pé ọdún 18. Kì í ṣe ọ̀ranyàn. Kíá ni àwọn ènìyàn ti rí ibi tí ó jò nínú rẹ̀: bí ó bá jẹ́ mẹ́rin mẹ́rin fún obìnrin, ọkùnrin tí ó ní ìyàwó mẹ́rin yóò bí mẹ́rìndínlógún láìrú ìlànà kankan! Ìwé náà tilẹ̀ sọ pé ọkùnrin ni olórí ilé tí ó ń pinnu iye ọmọ, síbẹ̀ ọrùn obìnrin ni ó gbé òǹkà lé. Èmi kò mọ ọgbọ́n tí ó wà nínú kí a bá ẹni tí kò ní àṣẹ wí, kí a sì fi aláṣẹ sílẹ̀. Bóyá ohun tí ó dára jù nínú ètò ìgbà náà ni orin tí Sunny Adé àti Onyeka Onwenu jọ kọ, nítorí pé nínú orin náà, ọkùnrin àti obìnrin jọ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni. Ní ọdún 1990, ọmọ mẹ́fà ni obìnrin Nàìjíríà ń bí ní ìṣirò. Ní ọdún 2018 ó ti wá sí 5.3, ti Ìpínlẹ̀ Èkó sì jẹ́ 3.4.

Ní àkókò yìí ni oògùn tuntun kan wọlé. Dókítà Yuzpe ní ilẹ̀ Kánádà ti fi hàn ní ọdún 1974 pé a lè lo oògùn lẹ́yìn tí ọkùnrin àti obìnrin ti bá ara wọn lò pọ̀, tí oyún kò sì ní wáyé. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní ọdún 1998 fi hàn pé èròjà levonorgestrel nìkan ṣiṣẹ́ ju ọ̀nà ti Yuzpe lọ, kì í sì í fa èébì tó o. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹyin obìnrin kì í jáde lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún bí ọjọ́ márùn-ún. Oògùn náà a máa dá ẹyin dúró títí agbára àtọ̀ yóò fi pin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé kí a lò ó láàárín wákàtí 72, àti pé bí ó bá ṣe yá tó ni ó ṣe dára tó. Bí oyún bá ti dúró, kò lè ṣẹ́ ẹ. Kì í sì í dènà àrùn tí ìbálòpọ̀ ń fà.

Ní Ṣómólú àti Bàrígà, kò sí òpópónà tí ènìyàn yóò rìn dé òpin láìrí kẹ́mísì, oògùn yìí sì wà lórí àtẹ wọn. Ibẹ̀ náà ni èrò ti pín. Àwọn kan sọ pé ó ń gba ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lọ́wọ́ oyún ẹni tí ó ṣe é léṣe. Àwọn mìíràn sọ pé ó ń sọ àwọn ọ̀dọ́ di aláìníjàánu. Àwọn kan sì ń pè é ní oògùn ìṣẹ́yún, èyí tí kò tọ́, nítorí dídènà oyún àti ṣíṣẹ́ oyún kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ méjèèjì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ méjèèjì, ṣùgbọ́n kí ó pe olúkúlùkù ní orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó burú jù ni pé àwọn tí ojú ń tì láti wọ kẹ́mísì a máa mu omi iyọ̀, tàbí búlúù tí a fi ń fọ aṣọ, tàbí ọtí líle. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dá oyún dúró. Wọ́n lè ba ara jẹ́ ní tiwọn. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, mo rí ọmọbìnrin púpọ̀ tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí oyún. N kò rí ọmọkùnrin kan tí ó fi í sílẹ̀ nítorí oyún tí ó fún ẹlòmíràn.

Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀ pé oyún tí a ṣẹ́ ní Nàìjíríà láàárín ọdún náà tó 1,250,000, ìkọ̀kọ̀ sì ni a ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Òfin ọdún 1916 kò dá wọn dúró. Ó kàn gbé wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé ni. Ìwádìí ti ọdún 2018 sì fi hàn pé nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè ní orílẹ̀-èdè yìí, ìyá 512 ni ó ń kú nítorí ọ̀ràn oyún tàbí ìbímọ.

Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀ ní ọdún 2011, nígbà ìṣèjọba Babátúndé Fáṣọlá. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi kún ti àtijọ́: kì í ṣe ẹ̀mí ìyá nìkan ni dókítà lè torí rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ mọ́, ó lè ṣe é nítorí ìlera ara ìyá pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ àìsàn tí ó tó bẹ́ẹ̀, kò sì sọ ẹni tí yóò fọwọ́ sí i. Ọdún mọ́kànlá kọjá. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ náà gbé ìwé ìlànà jáde fún àwọn dókítà, láti fi ṣàlàyé ibi tí òfin gba yíyọ oyún láàyè àti bí a ṣe lè ṣe é láìsí ewu. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti Amẹ́ríkà ti fagi lé ìdájọ́ ọdún 1973 tí ó fún obìnrin ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti yọ oyún, gbogbo ayé sì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bóyá ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbọ́ ti Èkó bí ẹni pé òfin tuntun ni, tí wọ́n sì ní Èkó ti gba ìṣẹ́yún láyè fún gbogbo ènìyàn.

Àwọn olórí ìjọ Kátólíìkì kọ́kọ́ fọhùn. Wọ́n ní ẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí oyún bá ti dúró, àti pé kò sí ìjọba tí ó lè fọwọ́ sí pípa aláìṣẹ̀. Èmi kò lè fi wọ́n ṣẹlẹ́yà. Ẹni tí ó bá gba ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn, kò sí ibòmíràn tí yóò parí sí. Àwọn Kristẹni mìíràn àti àwọn Mùsùlùmí dá sí i. Àwọn dókítà àti àwọn ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin dáhùn pé òfin kan kò yí padà, pé obìnrin tí ọkàn rẹ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀ ti ń kọṣẹ́ ni ìwé náà wà fún, pé ẹni tí ó wà láàyè tí a ń wò lójú yìí náà kò dẹ́ṣẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abáyọ̀mí, kọmíṣọ́nà ètò ìlera, fi kéde ní oṣù Keje pé Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ti ní kí a dá ìlànà náà dúró ná, kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìpínlẹ̀ lè gbé e yẹ̀ wò, kí a sì la àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀.

Nínú gbogbo ohùn tí ó dún ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, ti bíṣọ́ọ̀bù, ti àlùfáà, ti agbẹjọ́rò, ti aláṣẹ, ohùn kan ni n kò gbọ́, ti obìnrin tí ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Òfin ọdún 2011 ni ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Dókítà tí ó ní ìwé tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà ní ìparí oṣù Kẹfà kò ní ju gbólóhùn kan péré inú òfin lọ nígbà tí oṣù Keje fi dé àárín, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì pinnu bí àìsàn tí ó wà níwájú rẹ̀ bá tó ohun tí òfin ń pè ní ìlera ara, nígbà tí obìnrin náà àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń dúró de èsì.