Ìka Lórí Dùùrù, Àwọ̀ Lójú: Ìtàn Bí A Ti Ń Wá Ọ̀nà Láti So Ohùn Mọ́ Àwòrán

Iṣẹ́ kan tí àwọn olórin òde òní ń fi kíbọ́ọ̀dù ṣe ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Bí olórin bá ti tẹ ohùn kan, kọ̀ǹpútà a gbọ́ ọ, àwòrán tí ó wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ a sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọgbọ́n àná ni èyí. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè tí ó ti tó 300 ọdún ni ó wà nídìí rẹ̀: ǹjẹ́ òfin ìṣẹ̀dá ni ó so ohùn mọ́ àwọ̀, àbí ènìyàn ni ó ń so wọ́n pọ̀?

Ní ọdún 1704, Isaac Newton gbé ìwé rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ jáde. Ó pín àwọ̀ inú ìtànṣán oòrùn sí méje, ó sì fi ìpín wọn wé àlàfo tí ó wà láàrin àwọn ohùn orin. Ní ọdún 1725, Louis-Bertrand Castel, àlùfáà Ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ Faransé, kéde èrò rẹ̀ nípa dùùrù tí a ó ṣe fún ojú. Lójú tirẹ̀, ohùn C ni búlúù, E ni àwọ̀ ìyeyè, G sì ni pupa. Iṣẹ́ yìí ni ó ń bá jà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kú ní 1757.

Iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ni ó sọ èrò náà di alágbára. Alexander Wallace Rimington gba ìwé àṣẹ lórí dùùrù aláwọ̀ tirẹ̀ ní 1893, ó sì fi han àwùjọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹfà ọdún 1895. Ohun èlò náà kò dún rárá. Àwọ̀ nìkan ni ó ń tàn, nígbà tí àwọn mìíràn ń kọ orin. Ṣùgbọ́n ohùn C tí Castel pè ní búlúù, pupa ni Rimington pè é. Alexander Scriabin, ará Rọ́ṣíà, kọ ipa iná sínú ìwé orin rẹ̀, Prometheus, ní 1910. Ohùn E tí ó jẹ́ ìyeyè fún Castel, àwọ̀ ojú ọ̀run ni lójú tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òfin ìṣẹ̀dá ni, báwo ni àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ yóò ṣe máa ta kora báyìí?

Mary Hallock-Greenewalt, tí ó ń tẹ dùùrù ní Philadelphia, gba ọ̀nà mìíràn. Bí iná ti ń tàn sí i àti bí ó ti ń ṣú ni ó gbájú mọ́, òye olórin ni yóò sì darí rẹ̀. Ó hùmọ̀ ohun tí a fi ń dín iná kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àwọn kan lò ó láìgbàṣẹ, ó lọ sí ilé ẹjọ́, ó sì jàre General Electric ní 1934.

Ní àárín àwọn ọdún 1970, Laurie Spiegel ń lo kọ̀ǹpútà Bell Labs ní Amẹ́ríkà láti darí àwòrán bí ẹni ń kọ orin. Nígbà tí ó di 1983, àwọn tí ń ṣe ohun èlò orin fohùn ṣọ̀kan lórí èdè kan tí wọ́n pè ní MIDI. Bí a bá tẹ ohùn kan, nọ́ńbà ni kíbọ́ọ̀dù ń rán jáde: èyí tí ó sọ ohùn tí a tẹ̀, láti 0 dé 127, àti èyí tí ó sọ bí a ti tẹ̀ ẹ́ le tó. Nọ́ńbà 60 ni ohùn C àárín. Kò sí àwọ̀ kankan nínú iṣẹ́ tí a rán náà. Ẹni tí ó kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà ni yóò pinnu bóyá 60 yóò di pupa, tàbí òbìrìkítí, tàbí òjò.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi dé. Àwa tí a gbọ́ dùndún mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀ nítorí pé ohùn èdè wa ti wà ní etí olùgbọ́ kí a tó gbé kọ̀ǹgọ́. Àwòrán kò ní irú èdè bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa jọ gbọ́. Orí ìtàgé ni olórin gbọ́dọ̀ ti fi kọ́ òǹwòran. Bí ó bá gba ètò tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀, tí ó sì kà á sí òfin ìṣẹ̀dá, ó ti padà sí ibi tí Castel ti bẹ̀rẹ̀. Olórin tí ó bá mọ̀ pé ọwọ́ òun ni òfin náà ti wá ni ó lè jíhìn rẹ̀ fún wa.