Ta Ló Ni Píjìn? Ìtàn Gẹ̀ẹ́sì Tí A Kì Í Sọ Níwájú Tíṣà

Láti Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Píjìn ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé, èyí tí àwọn kan ń pè ní "broken". Nílé ìwé tí mo lọ, ẹni tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ máa san owó ìtanràn ni. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì tó bàjẹ́ ni. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Láàárín ọdún 1505 sí 1508, ọ̀gá atukọ̀ ará Pọtogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ̀wé nípa ìlú ńlá kan tó pè ní "Geebuu". Ó ní yàrà ńlá yí i ká, "Agusale" sì ni wọ́n ń pe ọba ibẹ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n: Ìjẹ̀bú ni, Awùjalẹ̀ sì ni. Ó ní àwọn ń ra eyín erin níbẹ̀, àwọn sì ń ra ènìyàn, ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15 fún ẹrú kan. Òwò burúkú ni, ṣùgbọ́n irú òwò bẹ́ẹ̀ ló mú kí àwọn tí kò gbọ́ èdè ara wọn wá èdè tí wọ́n á jọ máa fi ná ọjà ní gbogbo etí òkun wa. Títí dòní, "sabi" ṣì wà lẹ́nu wa, láti inú "saber" ti Pọtogí, tó túmọ̀ sí kéèyàn mọ nǹkan. "Pikin" náà wá láti inú "pequenino", ohun kékeré.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba òwò náà, ọ̀rọ̀ tiwọn ló wá pọ̀ jù. Láàárín ọdún 1785 sí 1788, Antera Duke, oníṣòwò Efik kan ní Kàlàbá, fi irú Gẹ̀ẹ́sì ọjà yìí kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ lẹ́yìn ìyẹn kí àwọn Mẹ́tọ́díìsì tó dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843. Ẹ ò rí i pé èdè yìí ti wà nílẹ̀ kí tíṣà tó dé!

Ó sì ní òfin. Nínú "I don chop", iṣẹ́ "ti" inú "Mo ti jẹun" ni "don" ń ṣe. Nínú "I dey come", iṣẹ́ "ń" ni "dey" ń ṣe. "Na Sade call me" ni "Ṣadé ló pè mí", àfi pé "na" máa ń ṣíwájú. Àwa la mú "abi" àti "jare" wá. Hausa mú "wahala" wá, Igbo mú "una" wá.

Kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀ láwùjọ? Lọ́jà Òkè-Ajé, bí oníbàárà kò bá gbọ́ Yorùbá, Píjìn ló máa fi ná ọjà. Bó bá lọ tẹnu mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé, owó ọjà lè gbéra ni! Láàárín ọ̀rẹ́, "How far?" kì í bèèrè ọ̀nà, kíkí ni. Fẹlá, ọmọ Ẹ̀gbá, fi Píjìn kọrin kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè yé àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá.

Ohun kan ni kò ní: "ẹ" ti ọ̀wọ̀. "You" ni fún ọmọdé, "you" ni fún àgbà. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Yorùbá kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, la bá fi "sir" àti "ma" dí àyè náà: "You don chop, ma?"

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, Oxford English Dictionary kéde pé "japa", "agbero" àti "abi" ti wọ inú ìwé àwọn. "Abi" kan náà tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ lé lórí! Ẹ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé dáadáa o, torí òun ni WAEC máa bi yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òpè ni yín nítorí Píjìn, ẹ sọ ìtàn yìí fún un.

Ọ̀rọ̀ Píjìn wo ni wọ́n fòfin dè nílé ìwé tiyín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná.