Bí Wáyà Ṣe Wọ Inú Bàálù Tí Wọ́n Ń Kàn Nílé

Ní ọdún 1929, Bernard Pietenpol, ará Cherry Grove ní ìpínlẹ̀ Minnesota, gbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò Ford sára bàálù onípákó tó kàn fúnra rẹ̀, ó sì fò. Ẹni tó bá wá wáyà nínú irú bàálù ìgbà náà, díẹ̀ ni yóò rí. Màgínẹ́tò tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń fún púlọ́ọ̀gì níná, kò bẹ bátìrì lọ́wẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí abẹ̀bẹ̀ iwájú kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn, ojú sì ni awakọ̀ fi ń wá ọ̀nà.

Nígbà tí Paul Poberezny àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá EAA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kan bàálù fúnra wọn, sílẹ̀ ní Milwaukee ní 1953, ilẹ̀kùn kan wà nínú òfin Amẹ́ríkà tó ṣí sílẹ̀ fún wọn. Bí àwọn tó ń kan bàálù fún ìmọ̀ tàbí ìgbádùn bá fọwọ́ ara wọn ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ, ọ̀pọ̀ aago àti ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò nílò ìwé-ẹ̀rí tí ìjọba ń bèèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ńlá. Ilẹ̀kùn yìí ni ohun gbogbo tó tẹ̀lé e gbà wọlé.

VariEze tí Burt Rutan yà kọ́kọ́ fò ní 1975. Fóòmù ni inú ìyẹ́ rẹ̀, fáíbà ni wọ́n fi bò ó. Gbogbo rewáyà tó ń ṣiṣẹ́ mọ́tò ló mọ̀ pé wáyà kan péré tó fún gílóòbù, nítorí irin ara mọ́tò ni ẹ́ẹ̀tì tó ń dá iná padà sí bátìrì. Bàálù onírin náà ń jẹ àǹfààní yìí, títí kan RV-6A ti Richard VanGrunsven, èyí tí wọ́n gbé ìpìlẹ̀ Air Beetle lé ní Kàdúná fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n fáíbà kì í gbé iná. Gbogbo gílóòbù àti rédíò inú VariEze ló gbọ́dọ̀ ní wáyà àlọ àti wáyà àbọ̀ tirẹ̀.

Àǹfààní tún wà níbẹ̀, nítorí fáíbà kì í dí rédíò lọ́nà. Jim Weir, onímọ̀ rédíò, ní kí wọ́n lẹ téèpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ inú ara bàálù kí wọ́n tó fi fáíbà bò ó. Báyìí ni éríà ṣe wọ inú lọ, tí afẹ́fẹ́ kò rí i gbá mọ́. Nínú gbogbo ọgbọ́n tí iṣẹ́ yìí bí, ó ṣòro láti rí èyí tó rọrùn tó sì dára tó o.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń pọ̀ ni ewu ń pọ̀. Bob Nuckolls, ẹnjiníà ní Kansas, kọ ìwé The AeroElectric Connection fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní gáréèjì ilé wọn, ó sì ń tẹnu mọ́ ìbéèrè kan: bí ohun tó ń ṣáàjì bátìrì bá kú lójú ọ̀run, kí ni yóò ṣẹ́kù? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí wọ́n kó ìwọ̀nba ohun tí awakọ̀ kò lè ṣe aláìní sórí ìlà kan, kí iná bátìrì lè gba ọ̀nà méjì dé ibẹ̀.

Orí wáyà náà gba sùúrù. Wọ́n á bó ike rẹ̀, wọ́n á kì í bọ ihò tẹ́míínà, wọ́n á fi púláyà tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí fún un pa, wọ́n á sì fà á wò. Sódà ń mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó bá mu wáyà dé á le gan-an, ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì á sì ṣẹ́ ẹ níbẹ̀ bí ohunkóhun kò bá dì í mú. Ike PVC tó ń rú èéfín olóró bó bá ń jó ti fàyè sílẹ̀ fún ike mìíràn tí wọ́n ń pè ní Tefzel.

Ní 2003, iléeṣẹ́ Dynon gbé EFIS-D10 jáde, ojú gíláàsì kan tó ń ṣe iṣẹ́ aago bíi mélòó kan láìsí irin tó ń pòòyì nínú rẹ̀. Àwọn tó ń kan bàálù nílé rà á, wọ́n fi fò. Ẹni tó ni Cessna, bàálù tí iléeṣẹ́ ńlá kàn, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, òfin kò gbà. Oṣù kẹrin ọdún 2016 ni FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù, tó fún EAA láṣẹ kí D10A, àbúrò rẹ̀, wọ inú Cessna 150, 152 àti 172 àti àwọn Piper kan.