Òfófó Yàtọ̀ sí Àhesọ: Àtúnyẹ̀wò Ìtàn Ìwé Ìròyìn Atúniláṣìírí ní Èkó

Kò tí ì pẹ́ tí ọ̀mọ̀wé kan, tí ọjọ́ orí àti ìmọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ níbi tí mo ti fẹ́ ta kò ó, kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà yìí kan náà pé ọwọ́ mímọ́ ni àwọn baba wa fi tẹ ìwé ìròyìn, àti pé kò sí ẹni tí ó ń tú aṣọ lára ọmọnìkejì rẹ̀ lójú ìwé ní ilẹ̀ Yorùbá títí di ọdún 1947, tí àwọn oní-Daily Mirror ti Lọ́ńdọ̀nù ra Daily Times ti Èkó, tí wọ́n sì kó àṣà náà wọlé bí ẹni kó àrùn wọ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, nítorí pé bí a bá rí ẹni tí a ó gbé ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ lé lórí, tí olúwarẹ̀ sì wà lókè òkun, ọrùn tiwa a máa fúyẹ́. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé nínú ọjà tiwa yìí òun ni àgbà, èmi ni mo pọn ọmọ.

Ohun tí ìwé ìròyìn jẹ́, àti irú èyí tí à ń pè ní atúniláṣìírí nínú wọn, kò gba àlàyé. Gbogbo ẹni tí ó ti dúró ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́ rí nídìí tábìlì fẹ́ńdọ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. N kò sì ní pẹ́ lórí Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, tí Àlùfáà Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, tí a ń ta ẹ̀dà rẹ̀ kan ní ọgọ́fà owó ẹyọ. Ìròyìn ìjọ àti ti òwò ni ó gbájú mọ́, bí a bá sì fi òun nìkan ṣe ẹ̀rí, òtítọ́ ni ọ̀mọ̀wé wa sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni àárín ọdún 1920 sí 1930, nígbà tí ìwé ìròyìn èdè Yorùbá rú jáde bí olú: Èkó Àkéte ti Adéoyè Dẹ́nigà ní 1922, Elétí Ọfẹ ti E. A. Akíntàn ní 1923, The Yoruba News ti D. A. Ọbasá ní Ìbàdàn ní 1924, àti Akéde Èkó tí Isaac B. Thomas dá sílẹ̀ ní 1928. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún orúkọ kejì yẹn pè. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ tẹni ẹlẹ́ni, kí ni yóò sọ ìwé rẹ̀ ní Elétí Ọfẹ sí?

Ẹ̀rí tí ó wúwo jù lọ, inú Akéde Èkó ni ó wà. Ní ọdún 1929, lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀, tí obìnrin kan tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò ìgbésí ayé rẹ̀ láti ọmọdé. Ṣẹ̀gilọlá ni ó pe ara rẹ̀, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Ọmọ tí a tọ́ sínú ẹ̀kọ́ àti orin ìjọ, tí ó wá fi ẹwà ṣòwò káàkiri Èkó aròmisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, títí àrùn fi sọ ẹlẹ́wà di ẹni tí ọ̀rẹ́ ń sá fún. Ó dárúkọ àdúgbò, ó dárúkọ òpópó, ó ń da omijé, ó ń da orin ìsìn pọ̀ mọ́ orin ìlú, lẹ́tà lórí lẹ́tà, títí wọ ọdún 1930 tí a dì wọ́n pọ̀ di ìwé. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́ débi pé wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Thomas fúnra rẹ̀ ni ó jókòó tí ó ń kọ gbogbo rẹ̀. Bí èyí kì í bá ṣe ìwé ìròyìn atúniláṣìírí, tí ó jáde ní odidi ọdún méjìdínlógún kí òyìnbó Mirror tó ná owó rẹ̀ ní Èkó, a jẹ́ pé ojú mi ni kò ríran mọ́.

Ohun tí ó ṣi ọ̀mọ̀wé wa lọ́nà, lójú tèmi, ni pé ó ka òfófó àti àhesọ sí ọ̀kan náà. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣeré, nítorí pé gbogbo ìwà ọmọlúàbí nínú iṣẹ́ ìròyìn, orí ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ni ó dúró lé. Òfófó ní ẹsẹ̀, ó ní ojú, ó sì ní ilé. Lágbájá ni ó rí i, Lágbájá náà ni ó rìn wá sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti agbo ilé, a ó ní kí a lọ pe Lágbájá wá, kí ó wí i lójú ẹni tí ó wí i lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí òwe fi ní olófòófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ: ẹni tí a lè dá mọ̀, tí a lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni a lè bá wí pẹ̀lú. Ẹni burúkú ni olófòófó, n kò gbèjà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni kan ni.

Àhesọ ńkọ́? Ẹ wo ara ọ̀rọ̀ náà: ohun tí a he, tí a sì sọ. À ń he ìgbín, à ń he owó tí ó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tí a kò sìn, tí a kò ṣiṣẹ́ fún, tí a kò sì mọ ẹni tí ó sọ ọ́ nù, òun ni à ń he. Alàhesọ kì í wí pé èmi ni mo rí i. “Wọ́n ní” ni í wí. Ta ni “wọ́n”? Agbo ilé wo ni “wọ́n” ń gbé? Bí a bá ránṣẹ́ pè é, ta ni yóò jẹ́? Mo ti jókòó sídìí ìjà ẹbí kan rí tí ó gba ìrọ̀lẹ́ gbáko, tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni kìíní, tí ó ní ẹnu ẹnìkejì ni òun ti gbọ́, tí ẹnìkejì ní ìdí kànga ni òun ti gbọ́, tí ẹ̀kẹta sì ní òun rò pé gbogbo ayé ni ó mọ̀. Ilẹ̀ ṣú, a kò rí ẹni tí a ó bá wí. Orúkọ ẹni tí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó kù sílẹ̀.

Ìwé títẹ̀ wá da ọ̀rọ̀ yìí rú, nítorí pé bí àhesọ bá ti wọnú ìwé, ó di ọ̀rọ̀ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Ìjọba amúnisìn mọ èyí dáadáa. Láti 1903 ni òfin ti ní kí oníwèé ìròyìn ní Èkó fi £250 ṣe ìdúró, òfin lórí ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1909. Òwe wa ní ẹni he ni ó fẹ́ẹ́ kú, ẹni tí ó sọ nù ńkọ́? Lójú òfin òyìnbó, ẹni he gan-an ni ó máa kú. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, fi ara gbá a. Ìjọba ti yọ Ọba Èkó, Èṣùgbàyí Elékòó, lóyè ní 1925, wọ́n sì ti lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ní 1928, Lagos Daily News tí ó jẹ́ ti Macaulay gbé e jáde pé a gbọ́ pé àwọn kan ń gbèrò láti pa Elékòó bí ó bá ń padà bọ̀. “A gbọ́ pé” ni o. Ilé ẹjọ́ kò béèrè ẹnu ẹni tí a ti gbọ́. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún un. Mo mọ̀ pé ìjọba ní ìkùnsínú tirẹ̀ sí Macaulay, ìyẹn kì í ṣe àṣírí, ṣùgbọ́n àhesọ ni ó fún wọn ní okùn tí wọ́n fi dè é.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wo Ṣẹ̀gilọlá, a ó rí ohun àrà. Kì í ṣe òfófó, nítorí kò sí ọkùnrin gidi kan tí a tú àṣírí rẹ̀. Kì í ṣe àhesọ, nítorí olóòtú mọ orísun rẹ̀ bí ó ti mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àròsọ ni, tí ó yá ẹ̀wù òfófó wọ̀. Ẹ̀bi kan ṣoṣo tí mo rí lọ́wọ́ Thomas ni pé owó ìtàn gidi ni òǹkàwé san, àròsọ ni ó gbé lọ sílé.

Nípa ti 1947, mo gbà pé owó àti ẹ̀rọ wọlé. Ṣùgbọ́n Lagos Weekend, tí ọ̀mọ̀wé wa fi ń ṣe àpẹẹrẹ ìbàjẹ́, ọdún 1965 ni Daily Times bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí Alhaji Babátúndé Jose, ọmọ Nàìjíríà, ti di ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Ara àkàrà ni èmi ti kọ́kọ́ kà á lọ́mọdé: mo jẹ àkàrà tán, mo tẹ́ bébà náà sórí itan, mo ń ka ọ̀rọ̀ ìyàwó kan àti awakọ̀ kan títí mo fi dé ibi tí òróró ti pa lẹ́tà rẹ́. N kò mọ ìparí rẹ̀ títí di òní.

Ti Lọ́ńdọ̀nù pàápàá kò rí bí ọ̀mọ̀wé wa ti rò ó. News of the World, tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti 1843, kógbá wọlé ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, kì í sì í ṣe irọ́ ni ó pa á. Ó hàn gbangba pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń jí ohùn tí a fi sílẹ̀ sórí fóònù ẹlòmíràn gbọ́, títí kan ti ọmọbìnrin ọdún 13 kan tí ó sọnù, tí a sì pa. Òtítọ́ ni ohun tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀. Irú èyí kò sí nínú òfófó, kò sí nínú àhesọ; olè ni à ń pè é, ẹni tí ó bá sì ń wọn ìwé ìròyìn kìkì nípa bóyá ó purọ́ tàbí kò purọ́ kò ní rí i mú.

N kò fi gbogbo ẹnu sọ pé Èkó kò kọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ Mirror. Ẹ̀rí kò tí ì pé, ẹni tí ó bá sì ní ju èyí lọ kí ó mú un wá. Ó kàn jọ pé yóò ṣòro fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ ka Akéde Èkó láti tún sọ ohun tí ọ̀mọ̀wé wa sọ láì mi ètè.

Ohun tí ó ń gbà mí lọ́kàn báyìí ju ìwé lọ ni Ẹ̀fẹ̀. Ní Kétu, ní Ìmẹ̀kọ àti ní Ìlaró, Ẹ̀fẹ̀ a jáde sí ọjà lóru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án. Yóò júbà àwọn ìyá, yóò sì gbé orin lé ẹni tí ó ṣe ohun tí kò tọ́ nínú ọdún, a kò sì gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ nà án. Ó bo ojú, ṣùgbọ́n kò bo ohùn, gbogbo ìlú sì mọ ọmọ ẹni tí ó ń kọrin. Ó dà bí ẹni pé níbẹ̀ ni òfófó ti gba àṣẹ, tí ó di iṣẹ́ ìlú. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin wọ̀nyí sílẹ̀, n ó sì fi wọ́n wé abala lẹ́tà òǹkàwé nínú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí téèpù Ẹ̀fẹ̀ wà nínú àpótí bàbá yín, ẹ̀yin tí Akéde Èkó tàbí Lagos Weekend ṣì wà ní àjà ilé yín, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ̀wé sí mi nípasẹ̀ olóòtú kí ẹ tó kó wọn fún alákàrà.