Láti Leipzig Dé Èkó: Ta Ló Ń Sanwó Dókítà?

Kí adójútòfò ìlera tó dé, aláìsàn ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ sanwó dókítà. Bí iṣẹ́ dókítà bá mọ́, tí ẹnu rẹ̀ sì dùn, èrò á kún ilé rẹ̀; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn á gba ilé ẹlòmíràn lọ.

Jámánì ló kọ́kọ́ yí i padà. Lọ́dún 1883, lábẹ́ ìjọba Bismarck, òfin ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa dáwó ìlera sí àpò kan. Àwọn tó ń ṣọ́ àpò náà ló wá ń yan dókítà, àwọn náà ló ń dá iye tí wọn yóò san. Dókítà pọ̀ nílẹ̀, ni wọ́n bá ń fi owó pọ́ọ́kú gba iṣẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní 1900, Hermann Hartmann kó wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan ní Leipzig, ìyanṣẹ́lódì sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1913, wọ́n ṣàdéhùn ní Berlin pé, ó kéré tán, dókítà kan ni yóò máa wà fún 1,350 ènìyàn tó wà nínú ètò.

Òfin adójútòfò tí Lloyd George gbé kalẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1911 gba ọ̀nà mìíràn: òṣìṣẹ́ ló ń yan dókítà tó wù ú, dókítà sì ń gbowó lórí olúkúlùkù tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdíje di ti iye orúkọ.

Ètò tiwa ní Nàìjíríà pẹ́ kó tó dé. Dókítà Moses Majekodunmi, mínísítà ìlera, gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ ní 1962, àbá náà kò sì di òfin. Òfin jáde ní 1999, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sì ṣí ètò náà ní oṣù kẹfà 2005.

Kápítéṣọ̀n, ìyẹn owó oṣooṣù lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, ló dá ìjà sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦750 ni ilé ìwòsàn ń gbà lóṣù lórí ẹnì kan, ara onítọ̀hún ìbáà yá, ìbáà má yá. Èyí tó ní 5,000 orúkọ ń gba ₦3,750,000. Èyí tó ní 100 ń gba ₦75,000, epo jẹnẹrétọ̀ nìkan sì lè gbé e mì. Ọwọ́ HMO, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera, ni owó náà ń gbà kọjá, nítorí náà ojúure HMO ni dókítà ń wá, kì í ṣe ti aláìsàn mọ́. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹni tí kò yọjú lèrè, ẹni tó ń wá lójoojúmọ́ ni àdánù. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí àìsàn bá ju agbára dókítà náà lọ, ó gbọ́dọ̀ dúró de kóòdù àṣẹ láti ọ̀dọ̀ HMO kó tó gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Òfin 2022 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí sọ ètò náà di dandan fún gbogbo ènìyàn. Ní 2025, ₦750 di ₦1,450. Ìyẹn dára fún dókítà, àmọ́ kò dá agbára padà fún aláìsàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ètò yìí, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti pààrọ̀ ilé ìwòsàn tí ẹ forúkọ sílẹ̀ sí. Bí wọn kò bá tọ́jú yín dáadáa, ẹ gbé orúkọ yín kúrò níbẹ̀.